Àbẹ̀kẹ́, Yọ Wáyà Lójú Iná

Àwọn tó máa ń jókòó sọ ìtàn ìgbà èwe wọn sábà máa ń jẹ́ arúgbó. Èmi kò tíì darúgbó. Ewú díẹ̀ ni mo rí lórí mi lọ́dún yìí, mo sì fà á tu. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà nílé wa ní Ìtòkò tó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí rẹ̀, gbogbo ara ni í máa ń ro mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ọdún tí Bọ̀dá Múrí gbé kọ̀ǹpútà kékeré wálé ni. Ọdún náà ni Ìyá Àgbà kọ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wé mọ́ ara wọn nínú iyè mi débi pé n kò lè fa ọ̀kan yọ kí èkejì má tẹ̀ lé e.

Ẹsẹ̀ àpáta ni ilé wa wà. Àmọ́ l'Abẹ́òkúta, ta ni ilé rẹ̀ kò sí ní ẹsẹ̀ àpáta? Tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìnkùlé. Orí rẹ̀ la ti ń sá láfún, orí rẹ̀ la ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ náà ni ọmọ tó bá ṣẹ̀ ti máa ń kúnlẹ̀. Ohun tó máa ń jí wa láàárọ̀ kì í ṣe ìpè àdúrà, nítorí ìyẹn ti mọ́ wa létí jù; ìró ìgbálẹ̀ ìyá mi ni. Lẹ́yìn náà, omi á máa dà sínú ike, adìẹ á bọ́ sílẹ̀ láti orí ògiri, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò á wúkọ́ díẹ̀ kó tó jí. Láàárín gbogbo ariwo yìí, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ rán wa. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé a ti jí ni. Bó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí o kò jẹ́, á ní, "Òkú nìkan là ń pè tí kì í jẹ́. Ṣé o ti kú ni?" Bí ọṣẹ bá tilẹ̀ wà lójú rẹ nínú balùwẹ̀, wàá kọ́kọ́ ké "Mà!" kó o tó fọ ojú. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi níbi iṣẹ́, mo máa ń jẹ́ kí n tó mọ ẹni tó ń pè, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ méjì ló jẹ́ ti òjò nílé wa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tàbí tí àrá bá kù lókèèrè, àwa ọmọdé á sáré lọ kó láfún kúrò lórí àpáta, Ìyá Àgbà á sì lọ yọ gbogbo wáyà lójú iná. Àrá ti jó tẹlifíṣọ̀n ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà rí, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n, fáànù, rédíò, fìríìjì, á fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ká wáyà wọn jọ, á gbé e lé orí ohun tó ni ín, á wá jókòó, á kó ọwọ́ lé itan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé nǹkan, tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ìyá mi, kò gbàgbé iṣẹ́ wáyà. Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀, orí kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Àgbà ti fi ayé sílẹ̀ ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí. Ìkòkò irin àti garawa ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n wáàsí ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Kó tó lọ ṣe é ní mọ́sáláṣí, á kọ́kọ́ ṣe é fún rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní pálọ̀, á gbọ́ ọ, á mi orí, á ní ohùn òun kò dùn tó. Bó bá dé mọ́sáláṣí, á tún gbé rédíò náà síwájú, á tún gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó kú, àpótí kásẹ́ẹ̀tì kan ló kù lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó sì ku ìyàwó rẹ̀, tí kò rántí pé ó ti kú.

Ìyá Àgbà kò kọ oúnjẹ pẹ̀lú ìbínú. Jẹ́jẹ́ ló kọ̀ ọ́. Ìyá mi á gbé láfún àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀, á gbé ọwọ́ rẹ̀ sínú omi, Ìyá Àgbà á nu ọwọ́ náà lára ìró rẹ̀, á ní, "Ọkọ mi kò tíì dé. Ṣé èmi ni n ó ṣáájú ọkọ mi fọwọ́ kan oúnjẹ?" Bí a bá sọ fún un pé Bàbá ti kú, á bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì á ti gbàgbé, á tún béèrè, a óò tún sọ ọ́, á tún sunkún. Ìyá mi ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́, pé òun kò lè máa sin òkú kan náà lójoojúmọ́. A yí i sí mọ́ínmọ́ín, a yí i sí ògì, a yí i sí ìrẹsì Ọ̀fàdà tó fẹ́ràn. Bó bá wù ú, á lá ògì lẹ́nu ṣíbí díẹ̀, á ní ó tó. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ rẹ̀, èyí tí a kò rí kó bọ́ ọ rí, yọ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ àga. Èmi ni mo mú un. Mo rí bí ìyá mi ṣe wò ó, ẹ̀rù sì bà mí.

Bàbá mi kì í sí nílé. Tírélà ló ń wà, ó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò lọ sókè ọya, bó bá sì wálé, oorun ló ń bá wálé. Ọrùn ìyá mi ni gbogbo nǹkan wà. Ìgbà tí nǹkan rí báyìí ni Bọ̀dá Múrí, àbúrò bàbá mi, padà sílé láti Papalanto, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ iná kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì aṣọ kan àti páálí kékeré kan dání. Ìyàwó ilé ni ìyá mi, kò lè pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, Injiníà ló ń pè é; òun náà ń fi orúkọ mi pè é ní Ìyá Kúdí. Ó béèrè ohun tó wà nínú páálí náà, Bọ̀dá Múrí sì mú pátákó aláwọ̀ ewé kan jáde tí kò ju páálí sìgá lọ, tí irin tín-tìn-tín kún orí rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ni," ó wí.

"Injiníà, ẹ má fi mí ṣeré. Níbo lojú rẹ̀ wà?"

"Tẹlifíṣọ̀n yín ni yóò fi ṣe ojú, Ìyá Kúdí. Ṣájà fóònù ni yóò máa fún un ní iná. Inú káàdì kékeré yìí ni ọpọlọ rẹ̀ wà."

Ó ṣàlàyé pé ètò kan wà tí òun fẹ́ fi sínú rẹ̀, tó lè gbé gbogbo orin, fíìmù àti ohùn tó bá wà nínú káàdì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí ló jọ ṣe é, ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó ṣe díẹ̀, ẹni tó wà ní Íńdíà tún ibi tó wọ́ ṣe, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ìyá mi, tó ń fọ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Àáró nìyẹn." Bọ̀dá Múrí rẹ́rìn-ín, ó ní àáró ni lóòótọ́, wọ́n ti wá bá òun ro oko tòun, òun kò sì tíì ro ti ẹnì kankan. Ìyá mi ní, "Ọjọ́ tiyín ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ló wo ẹ̀gbà tó bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ló lọ fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó fi wáyà so rédíò Bàbá mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Ẹni tó bá fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan sínú kọ̀ǹpútà, wákàtí kan náà ni yóò fi jókòó tì í, bí iná bá sì lọ láàárín, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ó wá àwòrán Bàbá kan tí wọ́n yà lọ́jọ́ Iléyá, fìlà rẹ̀ gún lórí, ó fi sí ara ohùn kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí ohùn bá ń jáde, Bàbá á máa wò wá láti inú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó parí, ìbátan wa kan tó ń dáko ìrẹsì ní Itori wá kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó fa okùn inú wọn yọ, ó ta á yí oko ká, kó lè máa hó nínú afẹ́fẹ́ kí ẹyẹ má jẹ ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó bínú, nítorí gbogbo wa gbà pé Bàbá ti wà nínú káàdì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí Bọ̀dá Múrí tan ẹ̀rọ náà, àwọ̀ òṣùmàrè kọ́kọ́ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà àwòrán Bàbá, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kàn gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó ṣì ń ṣe wáàsí. Ẹ jẹ́ kó parí, á wálé." Kò jẹun. A wo ojú ara wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀ náà, ìyá mi wọlé láti ilé ìdáná, ó bá abọ́ láfún lófìfo níwájú rẹ̀, ó sì ń lá ìka. Inú wa dùn débi tí a kò fi kọ́kọ́ bìkítà pé ẹ̀rọ náà ti kú.

Mo ní ó kú. Bọ̀dá Múrí tàn án, òṣùmàrè yọ, lẹ́yìn náà ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, àwọn lẹ́tà funfun wá ń ya wálẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìjàlọ, wọ́n sì dúró. Ó ní káàdì ti dàrú. Ó fa káàdì náà yọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ sí i láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìdajì ọjọ́ lọ sí i. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó tún dàrú. Ìyá Àgbà sọ fún wa pé mànàmáná ń kọ nínú tẹlifíṣọ̀n, a ní àìsàn rẹ̀ ni. Àṣé òótọ́ ló ń sọ: àmì mànàmáná kékeré kan máa ń yọ ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n bí iná tó ń wọ inú ẹ̀rọ náà kò bá tó. Bọ̀dá Múrí lu ara rẹ̀ níwájú orí, ó lọ wá ṣájà tó lágbára. Àmì náà lọ, kò tún padà. Ṣùgbọ́n káàdì kò yé dàrú.

Ó wá sọ fún wa pé bí a bá kàn fa wáyà ẹ̀rọ yìí yọ láìkọ́kọ́ sọ fún un kó lọ sùn, inú káàdì ni yóò ti bàjẹ́, nítorí ó lè máa kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n kò ní irú àrùn bẹ́ẹ̀, fáànù kò ní in. Nínú gbogbo ohun tí a ń tì bọ ojú iná nílé wa, òun nìkan ló ń fẹ́ kí wọ́n kí òun pé ó dàárọ̀. Ó ti ń bá wáyà náà ní yíyọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò fura sí wáyà tó yọ nílé tí wọ́n ti ń yọ wáyà láti ọjọ́ pípẹ́? Ìyá mi rò pé Bọ̀dá Múrí ló yọ ọ́. Bọ̀dá Múrí náà rò pé ìyá mi ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn lójúkojú, wọ́n yí sí àwa ọmọdé. A búra. Bọ̀dá Múrí kó wa ní ìkó lórí lọ́kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ó ní ìbúra kò dí i lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni nígbà náà. Ọyẹ́ ti bo gbogbo orí àpáta, ètè wa ti là. Ìyá mi sá láfún púpọ̀ nítorí oòrùn náà. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà á dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, á ké pé, "Kúdí! Ẹ lọ kó láfún o, òjò ń bọ̀!" Oòrùn á máa wò wá lójú. Kò sí ìkùukùu kan bí àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò sọ fún ìyá bàbá rẹ̀ pé òjò kò sí? A óò kó o, a óò bò ó, bó bá ti gbàgbé a óò tún lọ sá a. Àwọn aládùúgbò á dúró lórí àpáta tiwọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ kú òjò o, ará ilé Alhaji!" Láfún tí wọ́n ń kó tí wọ́n ń sá báyìí kò gbẹ dáadáa, ó kan, ìyá mi sì da èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fún ewúrẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ sínú níbi tó ti ń dà á, ó ní, "Ó rẹ̀ mí. Ọlọ́run, ó rẹ̀ mí." N kò gbọ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí ju ìkó lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí tú. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà pẹ̀lú abọ́ ògì tí kò sẹ́ni tó ń lá a, èmi ń ká aṣọ. Ẹ̀rọ náà ń ṣa ohùn Bàbá gbé jáde bó ṣe wù ú. Ó dé orí ọ̀kan tó ṣe nílé, lórí ọ̀rọ̀ sùúrù. A ń gbọ́ igbe adìẹ lẹ́yìn ohùn rẹ̀, a ń gbọ́ odó. Lójijì, àrá kù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá dákẹ́. A gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe dún. Ohùn rẹ̀ wá yí padà, kì í ṣe ohùn wáàsí mọ́, ohùn ọkọ nínú ilé ni:

"Àbẹ̀kẹ́! Òjò ń bọ̀. Yọ wáyà lójú iná, kó o sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n kó láfún."

Ìyá Àgbà ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi." Ó fi ọwọ́ ti apá àga, ó dìde, ó rìn lọ síbi ògiri, ó yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, ó ká wọn jọ dáadáa. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ké pè mí bí ẹni pé n kò jókòó síbẹ̀, ó ní kí a lọ kó láfún. Ó wá padà sórí àga, ara tù ú, ó nawọ́ sí abọ́. Ó ní, "Ó ti dé. Ẹ gbé oúnjẹ wá." Ó sì lá ògì náà tán.

Ìyá mi gba abọ́ òfìfo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó ní, "Kúdí, àwọn ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ń bàjẹ́ ni wọ́n ń jẹun. Kì í ṣe àìsàn. Ọkọ wọn ló ń pè wọ́n, wọ́n ń jẹ́."

Bàbá mi wálé lọ́jọ́ kejì, eruku sìmẹ́ńtì nínú irun rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún un níbi tó ti ń jẹun. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Múrí, ṣé o lè gé ibẹ̀ kúrò?"

"Mo lè gé e, ẹ̀gbọ́n mi. Kò le."

"Gé e. Ìwọ kò sùn mọ́, ìyàwó mi ń da láfún fún ewúrẹ́. Bó bá di lọ́la, wọ́n á tún yọ wáyà, káàdì á tún dàrú."

Ìyá mi ní, "Bàbá Kúdí, kò síbòmíràn tí Bàbá ti pè wọ́n. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yẹn, gbogbo ayé ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti dá ìyàwó wọn pè."

Bàbá mi fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìyá òun ni, òun sì mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n gé e. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹni tó bá wakọ̀ láti òkè ọya kì í lágbára láti wá ọ̀nà kejì. Nígbà náà, mo kàn kórìíra rẹ̀ fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan.

Bọ̀dá Múrí gé e. Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn náà dé ibẹ̀: wáàsí, adìẹ, odó, àrá. Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Ó la ẹnu díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jẹ́. Bàbá sì ń bá wáàsí rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà dúró dè é. Ó wo àwòrán tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo àwòrán. Ó yí sí ìyá mi, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé: "Ṣé ó ń bínú sí mi ni?" Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá Múrí pé, "Injiníà, ṣé odidi rẹ̀ ṣì wà?" Ó ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ìyá mi ní kó dá a padà. Ó wá wọ yàrá lọ, ó mú ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan tó ti jó jáde, ó ní kó bá òun kàn án mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá Àgbà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó kó tó dìde tán. Ó ti wáyà rédíò Bàbá bọ̀ ọ́, ó ti wáyà áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́ bọ̀ ọ́. Ojú iná gidi, wọ́n gbé àpótí aṣọ síwájú rẹ̀, kò ṣeé rí mọ́. Bọ̀dá Múrí kò fọkàn tán àpótí nìkan, ó ti káàdì náà pa, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè kà á ṣùgbọ́n kò lè kọ ohunkóhun sí i mọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fà á yọ lójijì, kò ní dàrú. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo irú ẹ̀rọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, òun náà kọ bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀ fún àwọn tí iná wọn ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa. Ó ní òun ti ro oko ẹnì kan báyìí.

Ohùn náà dé, ó pe Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Àgbà sì dáhùn. Ó ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi." Gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a ń wò ó. Ó fa wáyà rédíò yọ, ó fa ti áyọ́ọ̀nù yọ, ó ká wọn, ó ní kí a kó láfún. Kò tilẹ̀ fiyè sí i pé tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó jẹ láfún lọ́jọ́ náà, ó tún béèrè ẹran. Ìyá mi yí padà sí ilé ìdáná, ó fi orí ti ògiri, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Bọ̀dá Múrí wá ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé ìyẹn jáde lójoojúmọ́ ní àsìkò oúnjẹ. Lójoojúmọ́, ìyá mi á ti wáyà méjèèjì padà sójú iná tó ti kú, àwa á kó láfún nínú oòrùn, a óò tún sá a. Kò sí ìsinmi nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà padà há sọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Bọ̀dá Múrí ti ní ìdílé tirẹ̀ lókè òkun, bàbá mi ti fi tírélà sílẹ̀, ó sì ti di ẹni ilẹ̀. Ìyá mi nìkan ló kù nínú ilé náà. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ wò ó, pẹ̀lú gbogbo àárẹ̀ iṣẹ́ lára mi, mo sì máa ń sùn ju bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ní kí n bá òun tan ẹ̀rọ Injiníà, ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ ohùn Bàbá. Mo fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀, mo tàn án, òṣùmàrè yọ bó ṣe máa ń yọ. A jókòó. Wáàsí, adìẹ, odó, àrá.

"Àbẹ̀kẹ́! Òjò ń bọ̀."

Orí ìyá mi pé. Ó mọ ọjọ́ tí a wà, ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó mọ iye ata tó wà nílé ìdáná rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó lọ síbi ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó ti kú náà, ó fa wáyà rédíò yọ, ó fa ti áyọ́ọ̀nù yọ, ó ká wọn jọ dáadáa. Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ó ní, "Wọ́n pè. Ṣé kí wọ́n máa pè títí, kí ilé má jẹ́ ni?" Ó padà jókòó, ó mí kanlẹ̀, kò sì wojú mi nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Kúdí, lọ kó láfún."

Kò sí láfún lórí àpáta náà mọ́. Ọdún ti gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni ti sá a níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ti bọ́ bàtà. Mo ní, "Mà," mo sì jáde lọ sínú oòrùn.